Ta Ló Fi Eérú Kun Màmá Lójú?

Màmá àgbà ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Mo gbé fóònù fún wọn kí wọ́n wo fọ́tò tí mo yà wọ́n níwájú ilé, èyí tí mo ti jókòó tì fún bíi wákàtí kan, mo ti fi preset (àtúnṣe àwọ̀ tí wọ́n ti ṣètò sílẹ̀, téèyàn kàn máa tẹ̀) tó ń ṣe bíi fíìmù kámẹ́rà àtijọ́ sí i, mo ti da hóró wínníwínní bíi ti fíìmù sí i, mo ti jẹ́ kí gbogbo ibi tó dúdú ṣá díẹ̀, ó wá dà bíi fọ́tò inú álúbọ́ọ̀mù àtijọ́, inú mi sì ń dùn sí i gan-an. Wọ́n gbà á, wọ́n nà án jìnnà sójú bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, wọ́n wò ó títí.

"Ta nìyí?"

"Ẹ̀yin mà ni, Màmá."

"Èmi kọ́. Ta ló fi eérú kùn mí lójú?"

Mi ò rí nǹkan sọ. Mo wá ṣí èyí tí mi ò tíì fọwọ́ kàn, bó ṣe jáde látinú kámẹ́rà gẹ́lẹ́, mo tún gbé e fún wọn. Ojú wọn là. "Ẹn-ẹ́n, èmi rèé." Wọ́n tún wò ó sí i. "Ògiri yìí wá ńkọ́? Ìgbà wo ni wọ́n kun ògiri wa ní búlúù?"

Funfun ni ògiri yẹn. Mo wò ó dáadáa, ó sì rí búlúù lóòótọ́, mi ò kàn rí i látàárọ̀ ni, torí mo ti mọ̀ lọ́kàn mi pé funfun ni, ojú mi wá ń bá mi rò ó sí funfun.

Fọ́tò méjì, ẹnìkan náà, ìṣẹ́jú kan náà, ẹni tó wà nínú ẹ̀ wá wò ó, ó ní ọ̀kan parọ́ mọ́ ojú òun, ìkejì parọ́ mọ́ ògiri òun. Àwa tá a ń ya fọ́tò máa ń jà sí ọ̀rọ̀ yìí gan-an, pé ṣé ká ẹ́dìtì ni àbí ká fi sílẹ̀ bó ṣe wà, bíi pé òtítọ́ wà lápá kan, irọ́ wà lápá kejì. Mo ti wà ní apá méjèèjì rí. Ọ̀rọ̀ Màmá ló jẹ́ kí n padà lọ wò ó látìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lo preset fíìmù á mọ ohun tí mò ń sọ. Tẹ́ ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́ báyìí, nǹkan bíi márùn-ún ló máa ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Dúdú ò ní dúdú mọ́, á di àwọ̀ eérú. Funfun ò ní funfun báláú mọ́, á dà bíi pépà tó ti pẹ́ nínú dúrọ́ọ̀. Wọ́n á ti àwọ̀ ewé díẹ̀ sínú òjìji, wọ́n á ti àwọ̀ ọsàn sára awọ èèyàn, wọ́n á wá da hóró lé gbogbo ẹ̀. Àwọn míì tún máa ń fi pupa fẹ́ẹ́rẹ́ yí iná ká, èyí tí wọ́n ń pè ní halation. Nínú fíìmù gidi, ìmọ́lẹ̀ tó bá lágbára jù máa ń la fíìmù kọjá, á lọ gbá ẹ̀yìn ẹ̀, á tún ta padà wá, ìpele tó ń gba pupa ló sì wà nísàlẹ̀ pátápátá, òun ni ìmọ́lẹ̀ tó ń padà bọ̀ máa ń kọ́kọ́ bá, ìdí tí àyíká iná fi máa ń pọ́n nìyẹn. Àwọn tó ń ṣe fíìmù kà á sí àbùkù, wọ́n fi nǹkan dúdú sẹ́yìn ẹ̀ kó má baà ṣẹlẹ̀. Èmi fẹ́ràn ẹ̀ ṣá, mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an nínú fọ́tò alẹ́.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo ní kí kámẹ́rà máa tọ́jú RAW (ohun tí kámẹ́rà gbà gan-an, láìtún un ṣe) àti JPEG (fọ́tò tí kámẹ́rà ti bá wa tún ṣe) pa pọ̀, kí n lè rí èyí tí wọn ò tíì fọwọ́ kàn rárá. Mo fẹ́ rí òtítọ́ lásán. Mo wá fi sọ́fítíwià kan tí kì í fi nǹkankan kún un ṣí RAW yẹn, ẹ wò ó, ẹnu yà mí. Gbogbo fọ́tò náà ṣú, ó sì tutù bí ewé, bíi pé ìsàlẹ̀ odò la ti yà á. Màmá wà níbẹ̀, àmọ́ tí n bá gbé irú fọ́tò yìí fún wọn, wọn ò ní bi mí nípa eérú, ẹ̀rù ló máa bà wọ́n.

Ìdí ẹ̀ ò ṣòro. Sẹ́ńsọ̀ inú kámẹ́rà, ohun tó ń gba ìmọ́lẹ̀, ò mọ àwọ̀ kankan, ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ nìkan ló mọ̀ kà. Bryce Bayer, tó ń ṣiṣẹ́ ní Kodak, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe fíìmù, ló gba patent (ìwé ẹ̀tọ́ ẹni tó hùmọ̀ nǹkan) ní 1976 lórí ọgbọ́n tí ọ̀pọ̀ kámẹ́rà ṣì ń lò dòní: kí wọ́n fi ìbòjú kékeré aláwọ̀ bo píksẹ́lì (ojú kékeré tó ń gba ìmọ́lẹ̀) kọ̀ọ̀kan, nínú mẹ́rin méjì á jẹ́ àwọ̀ ewé, ọ̀kan á jẹ́ pupa, ọ̀kan á jẹ́ búlúù. Àwọ̀ ewé pọ̀ jù torí pé òun ni ojú èèyàn fi ń mọ ibi tó mọ́ yàtọ̀ síbi tó ṣókùnkùn jù. Èyí túmọ̀ sí pé píksẹ́lì tó gba pupa ò mọ nǹkankan nípa búlúù tó wà níbi tó dúró sí, kọ̀ǹpútà ló máa wo àwọn aládùúgbò ẹ̀, á wá méfò. Ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo àwọ̀ tẹ́ ẹ rí nínú fọ́tò yín, méméfò ni. Lẹ́yìn ìyẹn ni kámẹ́rà á tún pinnu èyí tó jẹ́ funfun, á gbé ibi tó ṣókùnkùn sókè kí ojú lè rí i, á mú àwọ̀ kan le, á dẹ òmíì, á wá ká ìpele ìmọ́lẹ̀ 16,384 tí RAW 14-bit lè gbà mọ́lẹ̀ sí 256 tí JPEG ní. Ti fóònù tiẹ̀ tún jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ọ̀pọ̀ fóònù òde òní máa ń ya bíi mélòó kan pa pọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, á tò wọ́n léra, ìyẹn lẹ pè ní fọ́tò kan.

Torí náà èyí tí à ń pè ní "mi ò ẹ́dìtì ẹ̀ o", ẹlòmíì ti bá yín ẹ́dìtì ẹ̀. Ẹ ò rí ẹni náà rí, kò rí yín rí, kò sì sí níwájú ilé lọ́jọ́ tẹ́ ẹ ya fọ́tò. Ó kàn ti jókòó síbìkan nígbà tí wọ́n ń ṣe kámẹ́rà, ó pinnu bí awọ èèyàn ṣe yẹ kó rí, bí koríko ṣe yẹ kó rí.

Ọ̀rọ̀ ògiri búlúù náà, ibẹ̀ ló ti wá. Abẹ́ ìbòòji ni Màmá jókòó sí, oòrùn ò kan ibẹ̀ tààrà, ojú ọ̀run ló ń tan ìmọ́lẹ̀ síbẹ̀, ojú ọ̀run sì rèé, búlúù ni. Kámẹ́rà gbìyànjú láti tún un ṣe, kò tún un ṣe tó. Ojú èèyàn máa ń ṣe irú àtúnṣe yìí láìbéèrè, ìdí nìyẹn tí Màmá tó jókòó níbẹ̀ fi rí ògiri funfun, tí èmi náà rí ògiri funfun, tí kámẹ́rà nìkan rí búlúù. Ta ló wá rí òtítọ́ nínú àwa mẹ́ta? Ìmọ́lẹ̀ tó ń ta láti ara ògiri yẹn, búlúù wà nínú ẹ̀ lóòótọ́, téèyàn bá fẹ́ fi ẹ̀rọ wọ̀n ọ́n. Àmọ́ Màmá ló ni ògiri, èmi ti Màmá ni mo gbà.

Mo wá rò ó pé ó dáa, tí ti kámẹ́rà bá jẹ́ méméfò, fíìmù ńkọ́? Ṣebí fíìmù gidi la ní à ń fara wé. Mo ti ya fíìmù fún bí ọdún méjì, mo ti gbé e lọ fọ̀, nǹkan tí mo rí níbẹ̀ ò jọ nǹkan tí preset ń ta fún wa rárá. Négétíìfù aláwọ̀, tẹ́ ẹ bá gbé e sókè síná, àwọ̀ ọsàn ló bò ó látòkè délẹ̀, gbogbo nǹkan inú ẹ̀ ló sì wà lódìkejì, ojú dúdú á funfun, ojú ọ̀run á pọ́n. Kò sí "àwọ̀ fíìmù" kankan níbẹ̀ téèyàn lè nawọ́ sí pé òun rèé. Wọ́n á kọ́kọ́ rì í bọ kẹ́míkà ní 37.8°C fún ìṣẹ́jú 3 àti sẹ́kọ́ńdì 15, ìyẹn ní òfin, gbogbo láàbù tó ń fọ irú fíìmù yìí ló gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. Àmọ́ lẹ́yìn ìyẹn, ẹni tó jókòó sídìí ẹ̀rọ ló máa yí i padà, tó máa pinnu bóyá kó pọ́n díẹ̀ tàbí kó tutù díẹ̀. Mo fi négétíìfù kan náà fún láàbù méjì lẹ́ẹ̀kan, wọ́n fún mi ní ọ̀sán méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ti àkọ́kọ́ dà bí ìgbà tí oòrùn fẹ́ wọ̀, ti ìkejì dà bí àárọ̀ kùtù.

Fíìmù sì tún pọ̀ jáǹtìrẹrẹ. Velvia tí Fujifilm gbé jáde ní 1990, ewé inú ẹ̀ máa ń tutù yọ̀yọ̀, pupa inú ẹ̀ máa ń pọ́n ju pupa lọ, àwọn tó ń ya òkè àti igbó ló fẹ́ràn ẹ̀, ẹ má fi ya ojú èèyàn. Portra tí Kodak gbé jáde ní 1998, èèyàn ni wọ́n ṣe é fún, ó rọ̀, kì í pariwo. Kodachrome, tó ti wà láti 1935, tún jẹ́ nǹkan míì pátápátá, dúdú inú ẹ̀ jinlẹ̀ bíi kànga, fífọ̀ ẹ̀ ṣòro débi pé ó kù láàbù kan ṣoṣo lágbàáyé, ní ìlú Parsons ní Kansas, ìyẹn náà gba ìyókù wọlé ní ìparí 2010, ó parí.

Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ nípa Kodachrome yẹn: dúdú inú ẹ̀ jinlẹ̀. Gbogbo fíìmù tó dáa tí wọ́n tẹ̀ dáadáa, dúdú máa ń wà nínú ẹ̀. Ibo wá ni eérú ti wá? Mo lọ gbé álúbọ́ọ̀mù ilé wa jáde mo tú u wò, ibẹ̀ ni mo ti rí i. Àwọn fọ́tò yẹn ti ṣá. Kì í ṣe bí wọ́n ṣe rí lọ́jọ́ tí wọ́n gbé wọn dé láti láàbù nìyẹn, ọdún ló ṣe wọ́n bẹ́ẹ̀. Nínú pépà àtijọ́, ìpele aláwọ̀ búlúù tó sún mọ́ ewé ló máa ń kọ́kọ́ kú, kódà nínú òkùnkùn álúbọ́ọ̀mù, tó bá ti kú tán, gbogbo fọ́tò á wá pọ́n rúsúrúsú, dúdú á wá ṣá. Mo rí ọ̀kan tí fọ́tò míì ti bo igun ẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ọdún pípẹ́, igun yẹn ṣì dúdú ju ibi tó kù lọ díẹ̀. Mo fọwọ́ lé e títí. Ohun tí preset ń ṣe sí fọ́tò tá a yà lánàá, ìyà tí ọdún fi jẹ fọ́tò àwọn òbí wa ni.

Ẹni tó fi eérú kun Màmá, èmi ni.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ojú Màmá, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti dùn mí jù. Adúmáadán ni wọ́n. Ẹ tú ọ̀rọ̀ yẹn wò: ó dú, ó sì tún ń dán. Nǹkan méjì ló wà nínú ẹ̀, wọn ò sì lè pínyà, torí dídú yẹn ló jẹ́ kí dídán hàn, bíi kóró iṣin. Mo sún fọ́tò méjèèjì mọ́ra lórí kọ̀ǹpútà, mo fẹ̀ ẹ́ títí ó fi kù iwájú orí àti àgbọ̀n nìkan, mo wá ń fi máòsì ka nọ́ńbà. Òdo ni òkùnkùn biribiri, 255 ni funfun báláú. Nínú èyí tó jáde látinú kámẹ́rà, òjìji abẹ́ àgbọ̀n wọn jẹ́ 9, ibi tí iwájú orí wọn ti ń kọ mànà jẹ́ 238. Nínú ti preset, abẹ́ àgbọ̀n ti di 41, iwájú orí ti di 203. Ó gbé dídú sókè, ó fa dídán wálẹ̀, wọ́n wá pàdé láàárín. Ohun tó kù láàárín yẹn ò dú, kò sì dán. Ojú Màmá ríran ju nọ́ńbà mi lọ, eérú ni orúkọ ẹ̀ lóòótọ́.

Lára ẹni tí awọ ẹ̀ mọ́lẹ̀, ìṣirò kan náà yìí kì í hàn tó bẹ́ẹ̀, torí awọ yẹn ti wà láàárín tẹ́lẹ̀. Kò sì yà mí lẹ́nu. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni Kodak fi ń fi fọ́tò obìnrin aláwọ̀ funfun kan ránṣẹ́ sí àwọn láàbù, Shirley ni wọ́n ń pè é, obìnrin inú ẹ̀ máa ń yí padà, orúkọ ò yí padà, bí awọ Shirley bá ti rí dáadáa láàbù náà á gbà pé ẹ̀rọ òun ti tọ́. Ẹni tó dúdú tó bá jókòó ti ẹni tó pupa nínú fọ́tò kan náà, ojú àti eyín ẹ̀ nìkan ni wọ́n máa rí. Wọ́n ti sọ ọ́ pé ráhùnráhùn àwọn tó ń polówó ṣokoléètì àti àga onígi, tí wọn ò rí ìyàtọ̀ àwọ̀ ọjà wọn nínú fọ́tò, wà lára ohun tó jẹ́ kí wọ́n tún fíìmù ṣe. Nígbà tó di 2021 Google gbé Real Tone, ètò àtúnṣe fọ́tò kan, wá pẹ̀lú fóònù Pixel 6 torí ọ̀rọ̀ awọ dúdú yìí náà. Nígbà tá a bá wá ń wá fíìmù àtijọ́ kiri, tá à ń ní kí fọ́tò wa rí bíi ti àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, ẹ jẹ́ ká rántí pé fíìmù yẹn ò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ wá.

Síbẹ̀ mi ò ní parọ́, film-look, ìyẹn fífi fọ́tò fara wé fíìmù, ṣì ń ṣe ohun tí fọ́tò lásán ò lè ṣe. Ẹ wo ojú ọ̀run. Sẹ́ńsọ̀ máa ń gba ìmọ́lẹ̀ títí á fi kún, tó bá ti kún tán ó parí, funfun lásán ló kù, bíi pé wọ́n fi àlùmọ́gàjí gé e. Fíìmù négétíìfù kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ó máa ń rọra kún ni, bó ṣe ń sún mọ́ òkè ló ń lọ́ra. Láti 1890 ni àwọn onímọ̀ méjì, Hurter àti Driffield, ti ya ìlà tó ń fi bó ṣe ń kún hàn sórí pépà, ìlà tó tẹ̀ nísàlẹ̀, tó gùn láàárín, tó tún rọra tẹ̀ lókè bí èjìká èèyàn, èjìká náà ni wọ́n sì ń pè é títí dòní. Èjìká yẹn ni mo fẹ́ràn. Mo ní fọ́tò kan tí mo yà nígbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, tí ìkùukùu ṣí díẹ̀ lápá ìwọ̀ oòrùn, nínú JPEG ibẹ̀ ti jó di funfun, koríko sì tutù bíi rọ́bà, kò jọ ibi tí mo dúró sí rárá. Mo padà sínú RAW, mo fi èjìká sí i, mo dẹ koríko yẹn sílẹ̀, mo fi hóró tó kéré sí i, lójú ẹsẹ̀ ni afẹ́fẹ́ wọnú ẹ̀. Mo tiẹ̀ ń gbóòórùn ilẹ̀ tútù. Tẹ́nikẹ́ni bá sọ fún mi pé èyí tó jáde látinú kámẹ́rà lòtítọ́ lọ́jọ́ yẹn, mi ò ní gbà.

Bí mo ṣe ń ṣe é báyìí nìyí, ẹni tó bá wúlò fún kó mú un. Mo máa ń fi pépà funfun kan ya fọ́tò àkọ́kọ́ níbi yòówù tí mo bá wà, kí n lè mọ ibi tí funfun wà. Mo máa ń gba èjìká fíìmù, mi ò kì í gba ẹsẹ̀ ẹ̀, ìyẹn ni pé ibi ìmọ́lẹ̀ lè rọ̀ bó ṣe fẹ́ àmọ́ dúdú gbọ́dọ̀ dúdú. Tí preset bá wọ̀ mí lójú jù, mo máa ń dín agbára ẹ̀ kù sí bí ìdá mẹ́ta, mo sì máa ń yọ ojú èèyàn kúrò lábẹ́ ẹ̀. Mo ní kí Màmá jókòó sí ibi kan náà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, mo ya òmíì, mo ṣe é báyìí. Wọ́n wò ó, wọ́n ní, "Òun nìyí." Wọn ò sọ nǹkan míì.

RAW, mo máa ń tọ́jú ẹ̀, gbogbo ẹ̀ pátá. Ẹ̀kọ́ yẹn ló náni jù. Fún bí ọdún mẹ́ta ni mo fi ń lo áàpù kan lórí fóònù tó jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá ti ẹ́dìtì tán tẹ́ ẹ tẹ "save", orí fọ́tò àkọ́kọ́ ló máa kọ ọ́ lé, mi ò sì mọ̀. Ọdún mẹ́ta. Ìgbà tá a wá ń sọ̀rọ̀ ìborùn kan tí Màmá wọ̀ lọ́jọ́ tí gbogbo wa pé jọ, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní búlúù ni, èmi ní àwọ̀ ewé ni, a wá lọ ṣí fọ́tò ọjọ́ yẹn láti parí ẹjọ́. Inú fọ́tò, ìborùn yẹn ò búlúù, kò tutù bí ewé, àwọ̀ kan tó wà láàárín méjèèjì ló wà níbẹ̀, àwọ̀ tí preset máa ń da gbogbo búlúù ayé sí. Fọ́tò mẹ́rìnlélógún la rí lọ́jọ́ yẹn, gbogbo wọn rí bákan náà. Àwọn méjì nínú àwọn tó wà nínú ẹ̀ ò sí láyé mọ́, mi ò sì mọ àwọ̀ aṣọ tí wọ́n wọ̀ mọ́.

A lọ bá Màmá. Wọ́n wọ yàrá, wọ́n pẹ́ níbẹ̀, wọ́n wá gbé ìborùn náà jáde nínú àpótí. Ẹ̀gbọ́n mi gbà á lọ́wọ́ wọn, ó tẹ́ ẹ sórí orúnkún, àwa méjèèjì bẹ̀ ẹ́ wò, a ò sọ̀rọ̀. Aṣọ náà gan-an ti ṣá. Fífọ̀ àti sísá sóòrùn ti gba àwọ̀ ẹ̀, ó ti di bí ojú ọ̀run nígbà ọyẹ́.

Màmá ní, "Ẹ gbé e wá." Wọ́n yí etí ẹ̀ padà, wọ́n fi èékánná tú òwú ìṣẹ́tí díẹ̀, bí ìka méjì, wọ́n ṣí ibi tó ti ká sínú látọjọ́ tí wọ́n ti rán an. Búlúù wà níbẹ̀. Búlúù tó dú, bí omi aró tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé, tó jẹ́ pé mo ní láti gbé e súnmọ́ ẹnu ọ̀nà kí n tó rí i pé kì í ṣe dúdú. Mo gbé pépà funfun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, mo ya RAW márùn-ún, ọwọ́ Màmá di ìṣẹ́tí yẹn mú títí mo fi yà á tán.